Tábìlì tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tò Léra

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń yẹ ara kọ̀ǹpútà wò, bí ìyá tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀. "Ara ẹ ti ń gbóná," ni yóò wí, á sì lọ ṣí fèrèsé.

Tábìlì kékeré méjì olówó pọ́ọ́kú ló tò léra ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Narayi. Ó to kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta sáàárín ẹsẹ̀ wọn, ó kó gbogbo ìwàásù olóògbé bàbá wa sínú wọn, kí a lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù wa.

Lọ́dún Kérésì kan, nítorí àlejò àti eruku ọyẹ́, Màmá fi aṣọ funfun bo tábìlì náà, bí wọ́n ti ń bo tẹlifíṣọ̀n. Kọ̀ǹpútà kan jóná kí a tó jẹun tán. Ìwàásù ọdún méjì bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó ká aṣọ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. "Sai a hankali, mà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó máa mí."

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Eruku rẹ̀ ti sú mi, epo jẹnẹrétọ̀ ti sú mi. Ní Kérésì tó kọjá, Màmá tún mú aṣọ náà wá. Ó rẹ̀ mí débi pé n ò lè bá wọn jiyàn.

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, wọn ò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

"Ara ẹ ṣì gbóná," ni wọ́n wí, wọ́n sì ká aṣọ náà padà.