Garawa Méjì Ewé Asalíà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni Bàbá Mítà jẹ Ìyá Eléwúrẹ́, aládùúgbò rẹ̀, ní ìparí oṣù náà, owó wàrà ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́. Ó ti kà á sínú àpò ìwé kan, ó sì fi í sábẹ́ àwo lórí tábìlì, nítorí kì í ṣe ẹni tí í jẹ gbèsè kọjá ọjọ́ kejì oṣù. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń ka mítà omi láti ilé dé ilé kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀.

Òdòdó asalíà ló gba ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìkòkò mẹ́tàdínlógún ló tò sẹ́yìn ilé, níbi tí òjìji ògiri ti ń bò wọ́n láti ọ̀sán. Igi kúkúrú ni asalíà, ewé rẹ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n bí àkókò rẹ̀ bá tó, òdòdó a bo gbogbo ewé náà mọ́lẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Igi àkẹ́jù ni. Kò fẹ́ oòrùn gangan, kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi, kò sì fẹ́ omi ẹ̀rọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹnikẹ́ni kò kọ́ Bàbá Mítà. Ó ti rí i níbi iṣẹ́ bí ẹfun inú omi ṣe ń dì mọ́ ẹnu páìpù. Omi òjò ló ń gbà sínú àgbá mẹ́ta fún wọn. Ewé gbígbẹ tó ti jẹrà fún ọdún kan àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbó ni oúnjẹ wọn.

Ọmọbìnrin rẹ̀, akọ̀wé ní báńkì, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún kan àbọ̀. Lójú tirẹ̀, ìgbẹ́ ewúrẹ́ nìkan kò tó. Ó lọ ra àpò ajílẹ̀ kan tí wọ́n dìídì ṣe fún asalíà.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀!" ni bàbá rẹ̀ wí. "Fún iyẹ̀pẹ̀!"

"Kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀, Bàbá. Wọ́n wọn gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ta ló bá yín wọn ìgbẹ́ ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ fúnra ẹ̀ ti wọ̀n ọ́n kó tó yà á."

Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu wọn ti kò ni gígé. Fóònù ọmọbìnrin náà ní bí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, kí wọ́n gé igi náà kíákíá, kí tọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Bàbá Mítà kò gé e rí. Ṣùgbọ́n gígé kò ná an ní nǹkan kan, nítorí náà ó gbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé igi inú ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ sì kún garawa méjì. Ó gbé garawa méjèèjì dé ìdí ògiri, ó dà wọ́n sódì kejì, sí ọgbà Ìyá Eléwúrẹ́.

Àdéhùn ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ohunkóhun tí Bàbá Mítà bá gé, ti ewúrẹ́ ni. Ìgbẹ́ ewúrẹ́, ti Bàbá Mítà ni. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ilé àdúgbò náà ń ṣe. Ewúrẹ́ mọ ohun tó ń jẹ: ọ̀rọ̀ tí bàbá tó bí Bàbá Mítà fi sílẹ̀ fún un nìyẹn, kò sì tíì rí ewúrẹ́ tó sọ ọ́ di irọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, wàrà dé bó ṣe máa ń dé. Ìyá Eléwúrẹ́ gbé ife oníderí sí ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Ọmọbìnrin Bàbá Mítà fún ọmọ ní wàrà, ó wọ bàtà, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Bàbá Mítà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá ìdáná, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn kó lè máa rí i, ó wá lọ ṣí àpò ajílẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò wọ̀n ọ́n. Ó fi awò sójú, ó ń wá iye ṣíbí tí wọ́n ní kó bù sí ìkòkò kan.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà bí ojú kòkòrò: *Májèlé ni ewé, òdòdó àti ẹ̀ka asalíà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn jẹ ẹ́.*

Ó kà á. Ó bọ́ awò, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù, ó tún kà á.

Bí ó ti ń kà á lọ́wọ́ ni ó gbọ́ ohùn kan lódì kejì ògiri, bí ìgbà tí èèyàn ń gbìyànjú láti bì tí kò rí i bì. Ó gun àpótí, ó yọjú. Abo ewúrẹ́ ńlá, èyí tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, na ọrùn sílẹ̀ gbọọrọ, ó ń wa eyín pọ̀, ìfófòó funfun sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nínú ewé garawa méjì, kò ṣẹ́ ku ju igi lọ. Ìyá Eléwúrẹ́ kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá Mítà, ẹ wá wo nǹkan!" ló kígbe. "Eléèrí tó ń ta oúnjẹ ẹran fún mi ti pa mí! Mo ní eèrí àgbàdo tó gbé fún mi lánàá ń rùn, ó ní imú mi ló ń rùn. Òní ni yóò mọ̀ mí!"

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Bàbá Mítà: wàrà.

Kò mọ bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ife wà nínú abọ́ ìfọwọ́, ó ṣófo, àmì funfun ṣì yí ìdí rẹ̀ ká. Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìdérí ìkòkò lu ilẹ̀, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Láti oṣù tó kọjá tí eyín ti ń yọ ni itọ́ ti ń dà lẹ́nu ọmọ yìí. Bàbá Mítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà ńkọ́, ṣé eyín ló ń yọ?

Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀. "Wàrà àárọ̀ yìí, ṣé ọmọ mu ún?"

"Ó mu ún tán. Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan," ló wí, ó sì pa fóònù. Ó bú ara rẹ̀. Ó fa àpò ìwé yọ lábẹ́ àwo, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó sì sáré já sí títì. Ilé ìwòsàn kékeré wà ní ìpẹ̀kun òpópónà náà, kò ju ilé mẹ́rìndínlógún lọ. Lọ́jọ́ náà ó tó ọgọ́rùn-ún. Nígbàkígbà tí ọmọ náà bá dákẹ́, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á ja á ní èékánná lẹ́sẹ̀ kó lè ké.

Dókítà tó wà níbẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí Bàbá Mítà ròyìn ewé àti wàrà fún un tán, ó gbọ́ àyà ọmọ, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọkàn ẹ̀ ń lù dáadáa báyìí. Ṣùgbọ́n májèlé ewé yẹn lè dé inú wàrà, ọkàn ló sì máa ń bá jà. A ò ní fi í sílẹ̀. Bàbá, ṣé ẹran náà ti jẹ ewé kí wọ́n tó fún wàrà yìí, àbí lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ ẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

Ọdún mẹ́sàn-án, kò ní nọ́ńbà Ìyá Eléwúrẹ́. Kí ló fẹ́ fi fóònù ṣe nígbà tí ògiri wà? Ó fi ọmọ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó padà. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń tò ó lẹ́nu bí yóò ṣe sọ ọ́. Ohun tí ó ṣírò kò lọ́ pọ̀: bí òun bá dákẹ́, eléèrí ni yóò jẹ ẹ̀bi, òun kò sì ní san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí òun bá dákẹ́, dókítà kò ní mọ ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ó bá Ìyá Eléwúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so gèlè mọ́rí le, ó fẹ́ lọ bá eléèrí jà.

"Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀," ni Bàbá Mítà wí. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Ewé tí mo dà síbí lánàá. Májèlé ni. Mi ò mọ̀."

Obìnrin náà wò ó tìtì. "Bàbá Mítà. Ẹran olóyún. Tí mo ń retí pé..."

"Ẹ bú mi tó bá yá, màá jókòó gbọ́ ọ. Wàrà tí ẹ gbé wá láàárọ̀, ìgbà wo lẹ fún un? Ọmọ ti mu ún tán. Ó wà lọ́wọ́ dókítà."

Ìbínú kúrò lójú obìnrin náà bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ó wolẹ̀. Ó fọwọ́ ti ara ògiri.

"Kò mu ún," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo rí ife! Ó ṣófo!"

"Kì í ṣe wàrà ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmú ẹran yìí ti gbẹ nítorí oyún. Wàrà agolo ni mo ń pò mọ́ omi gbígbóná."

"Ẹ tún un sọ."

"Mo ní wàrà agolo ni! Ṣé kí n fi kọrin ni? Mo fẹ́ sọ fún yín, ojú ń tì mí, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́."

Bàbá Mítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí rẹ̀, tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu rí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọ̀ọ́dúnrún lọ́nà mọ́kànlélógún, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ọ̀ọ́dúnrún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tíì jẹ́ kí ó yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àánú ló ń ṣe obìnrin yìí ńkọ́, tó ń purọ́ láti fi í lọ́kàn balẹ̀?

"Ẹ fi agolo hàn mí."

Ó fi hàn án. Mẹ́rin ló ṣófo lẹ́yìn ilé ìdáná, ọ̀kan ṣì kù díẹ̀. Bàbá Mítà ní kó gbé e dání, kó wá sọ ọ́ fún dókítà fúnra rẹ̀. Obìnrin náà gbé agolo rìn láàárín títì bí ẹlẹ́rìí tó ń lọ sí kóòtù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, orí sísọ sílẹ̀. Dókítà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, síbẹ̀ kò fi ọmọ sílẹ̀ títí di ọ̀sán. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ni owó ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin Bàbá Mítà, tí wọ́n ti pè lórí fóònù, dé láti báńkì, ó gba ọmọ mọ́ra.

"Ẹ ní kò sí nǹkan kan, Bàbá," ló wá sọ nígbà tó yá.

Dókítà ẹran gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àbọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Mítà. Ó rọ èédú lílọ̀ àti omi sí ewúrẹ́ lọ́nà ọ̀fun, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹran náà ti fi ẹsẹ̀ iwájú dúró. "Kò ní kú," ni ọkùnrin náà wí. "Ti oyún ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Lọ́jọ́ kejì Bàbá Mítà ka ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sí orí ògiri, owó wàrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fún un ní ojúlówó. Ìyá Eléwúrẹ́ tì í padà.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Oṣù méjì ló kù tí yóò bí. Bí ọmọ ẹ̀ bá yè, mi ò fẹ́ owó náà mọ́. Bí kò bá yè, owó ọmọ ewúrẹ́ lẹ ó san fún mi, ẹ ò sì ní bá mi ṣírò agolo."

"Mo gbà," ló wí.

Láràárọ̀, kó tó bu omi òjò fún asalíà, ó ń gun àpótí, ó ń wo ikùn ẹran náà bí ẹni ń wo mítà. Bó bá rí i pé ó mira, á sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá mira, á dúró. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ níbẹ̀, ife omi lọ́wọ́, tí kò ní lè pe ewúrẹ́ náà kó mira, tí kò sì ní lè sọ̀ kalẹ̀.