Ibi Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Rédíò Sí

Òórùn òjé tó ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí wọ́n bá dárúkọ Múṣín. Láyé àwọn ológun, rédíò ni mo ń tún ṣe níbẹ̀. Èmi àti ọkùnrin Ìgbò kan tó ń ta páàtì rédíò la jọ pín ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, abọ́ kan náà la sì fi ń jẹun ọ̀sán. Ìyá onílé wa, arúgbó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń gbé lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló ń pọn omi fún un ní àràárọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù nígbà yẹn. Àwa olórí líle díẹ̀ nìkan la ń wá a kiri. Àárín ariwo ṣáá-ṣáá ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, ó ń bú ológun, inú wa ń dùn. Nígbà tí rédíò aládàáni dé, wọ́n gbé gbogbo ètò òwúrọ̀ lé e lọ́wọ́. Ó wá fi ológun sílẹ̀, ó kọjú sí àlejò: àwọn ló gba ọjà, ilé ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà, kí wọ́n máa lọ síbi tí wọ́n ti wá! Èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹnu lásán ni. Háà, orí mi ò pé rárá.

Ohùn rẹ̀ mú, ó sì ń fi bí sípíkà bá ṣe dára hàn. Tí mo bá tún rédíò ṣe tán, òun ni mo fi ń dán an wò, ibẹ̀ náà ni mo sì ń fi abẹ́rẹ́ pupa tó ń tọ́ka ìkànnì sí tí mo fi ń dá a padà fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwọn àgbàlagbà kì í yí rédíò wọn. Ibi tí ẹni tó tún un ṣe bá fi í sí ni wọ́n ń gbọ́ títí bátìrì á fi kú. Kò pẹ́, láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata, ohùn kan náà ló gba àdúgbò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i síbòmíràn,” ni ọ̀rẹ́ mi sọ lọ́jọ́ kan.

“Ìwọ kọ́ ló ń bá wí jàre,” ni mo dá a lóhùn. Ó padà sídìí páàtì rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ korobá omi kalẹ̀ ni ìyá onílé jáde sí i. “Ọmọ mi, má bínú, wá ṣọ́ọ̀bù síbòmíràn. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní ẹ fẹ́ gbalé mọ́ wa lọ́wọ́.”

Mo dá sí i. “Màmá, ẹni tó ń pọnmi fún yín? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Rédíò ni. Èyí tí o bá mi tún ṣe.”

Mo sáré wọ yàrá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ò kúrò níbi tí mo fi í sí.

Mo bẹ ìyá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò gbà. Ọ̀rẹ́ mi kó páàtì rẹ̀ sínú páálí, ó gba gáréèjì Ìdó lọ wọkọ̀. Kò bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo ru ẹyin yẹn káàkiri ilé onílé.

Mo ti darúgbó báyìí, síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò ṣì ń gbé rédíò wá. Tí mo bá tún un ṣe tán, mo máa ń yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun, níbi tí kò sí ohùn ẹnikẹ́ni, kí n tó dá a padà.