Lẹ́tà Tí Marlys Kò Ṣí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Marlys, ọmọ aládùúgbò mi ní North Dakota níbí, fi to fáìlì tó máa gbé lọ síbi íńtáfíù iṣẹ́ tíṣà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó lẹ fọ́tò àwọn ọmọ tó kọ́ sínú rẹ̀, ó sì fi lẹ́tà Tíṣà Orpha, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, síwájú, ní lílẹ̀ pa.

Mo ní, "Ṣí i wò, jàre."

"Háà, Àǹtí Verna! Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ nìkan ló ń kà á. Tíṣà Orpha sì fẹ́ràn mi, ó dì mọ́ mi lọ́jọ́ tí mo kúrò."

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ilé ìwé tó ti lọ ṣe íńtáfíù ọ̀hún. Ìlẹ̀kùn hẹdimásítà ò padé dáadáa lọ́jọ́ náà, etí mi ò sì di. Ó ya lẹ́tà, ó kà á sókè: "Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ọdún méje ló ń mú un sunkún."

Hẹdimásítà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ fúnra ẹ lo gbé e wá? O káre! Bá mi pe ẹni tó kàn tí o bá ń jáde."

Ó sì pè é.