Iṣẹ́ Méjì àti Géètì Kan

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni lẹ́tà méjèèjì dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti parí ẹ̀kọ́ dísípáṣà, tí mo sì ti gba láísẹ́ǹsì, tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, àfi àwọn tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa pè mí, àfi bí ẹni pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ ni.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí dísípáṣà ń ṣe, nítorí pé láti Egbeda títí dé Akowonjo, n kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òun ló ń wa bàálù. Kì í ṣe òun ló ń pín omi àti bisikíìtì nínú rẹ̀. Òun ló jókòó sílẹ̀, tó ń wo ojú ọjọ́ níbi tí bàálù ti fẹ́ gbéra àti níbi tó ń lọ, tó ń ṣírò epo, tó ń ṣírò ìwúwo èrò àti ẹrù, lẹ́yìn náà kó wá buwọ́ lùwé pé kí wọ́n máa lọ. Páílọ́ọ̀tì á buwọ́ lù ú, dísípáṣà á buwọ́ lù ú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun kò ṣe, bàálù á dúró síbi tó wà. Ìyá mi, tó ń ránṣọ, ti gé àlàyé yìí kúrú fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló ń sọ fún bàálù pé ó yá."

Lẹ́tà kìíní wá láti iléeṣẹ́ kan tó ń fi bàálù kó ẹrù. Ọ́fíìsì ni màá wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, màá ka páálí, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti kà á. Owó rẹ̀ dára. Wọ́n ń fún èèyàn lóúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́tà kejì wá láti iléeṣẹ́ tó ń kó èrò. Igbákejì dísípáṣà ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe, lábẹ́ àgbà kan tó máa kọ́ mi níṣẹ́. Owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì sọ fún mi pé kì í tètè dé. Wọn kò mẹ́nu ba oúnjẹ ọ̀sán rárá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ni. Bí mo bá lọ jókòó ti páálí, tí mo pẹ́ láìlo láísẹ́ǹsì mi, á kú, màá sì tún padà lọ ṣèdánwò bí ẹni tí kò kàwé rí. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni ìyá mi ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti di owó ilé ẹ̀kọ́ mi. N kò fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rọ náà ti di páálí kíkà.

Ohun tó wá dí mi lọ́nà kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Géètì ni. Ní kùtùkùtù ni bàálù àkọ́kọ́ ń gbéra, dísípáṣà sì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí páílọ́ọ̀tì tó fọ eyín. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ á gbé ẹnì kan ní ibùdókọ̀ Pleasure, á yà sí Egbeda, á gba Akowonjo kọjá, gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Géètì àdúgbò wa kì í sì í ṣí àfi tí wọ́n bá kí ìrun náà tán.

Ẹni tó bá gbé Alimosho láyé ìgbà yẹn á mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn olè ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò wa rí pé àwọn ń bọ̀, wọ́n sì wá lóòótọ́. N kò tíì rí ọ́fíìsì kankan tó ń pa àdéhùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ onílé dáwó jọ, wọ́n ri géètì onírin mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àdúgbò, wọ́n sì gba ọlọ́dẹ. Alága ẹgbẹ́ ló ṣòfin, ọlọ́dẹ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ará Ìbàdàn ni alága, ó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Aláboyún tó ń rọbí àti ẹni tí àìsàn dá wólẹ̀ nìkan ni géètì ń ṣí fún lóru. Lọ́jọ́ kan, òun alára ti ibi òkú bọ̀ ní Àgbàdo, ó pẹ́ jù, ọlọ́dẹ ní òun kò ní ṣí i. Inú mọ́tò ló sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ra bàtà tuntun fún ọlọ́dẹ.

Ìyá mi ní kí n gba iṣẹ́ ẹrù.

"Ọmọbìnrin wo ló ń jáde nílé láfẹ̀mọ́jú? Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn? Kí ló ṣe páálí?"

Mo ní kò sí ohun tó ṣe páálí, pé ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Síbẹ̀, òun náà ló lọ bá alága pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fetí sí ọmọ òun níbi ìpàdé.

Bó ṣe di pé ẹgbẹ́ onílé jókòó lé iṣẹ́ mi lórí nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lábẹ́ ibi tí alága ń gbé mọ́tò sí. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gọ́tà. Wọ́n sọ̀rọ̀ taransifọ́mà, wọ́n bínú, wọ́n parí ìjà. Ìgbà náà ni wọ́n tó kàn mí. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ méjèèjì fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ṣí géètì fún mi láfẹ̀mọ́jú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ géètì nìkan ni wọ́n máa sọ, àṣé gbogbo wọn ló fẹ́ bá mi yan iṣẹ́. Bàbá kan tó ń ta pákó ní kí n gba ti ẹrù, nítorí pé ẹrù kì í bú èèyàn. Ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí ní kí n gba ti dísípáṣà, pé iṣẹ́ òru kò pa òun. Àlájì kan bi mí bóyá dísípáṣà lè bá òun dín owó bàálù Mẹ́kà kù. Mo ní rárá, sà. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Alága nìkan ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "o ní bí ìwọ ò bá buwọ́ lù ú, bàálù ò ní gbéra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ká ní ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọjọ́. Ọkùnrin pàtàkì kan wá, ó ní ìpàdé kan ń dúró de òun l'Abuja, iṣẹ́ òun ló wà níbẹ̀. Ó ní kó o jọ̀ọ́, kó o ṣe ti òun nìkan. Ṣé wàá buwọ́ lù ú?"

N kò mọ ibi tó ń lọ. Mo rò pé ó fẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi yangàn níwájú àwọn èèyàn ni. Mo nàró ṣánṣán.

"Rárá, sà."

"Bó bá bẹ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Òfin ni, sà. Tá a bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo èèyàn ló máa wá bẹ̀bẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́ láti kékeré ńkọ́?"

"Kódà kó jẹ́ ìyá mi, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlájì náà pàtẹ́wọ́. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé ìyá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Òun ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," alága ní. "Ọmọ wa ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Géètì ò ní ṣí. Ẹ jẹ́ ká ṣàdúrà ìparí."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á dè. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé alága kò jẹ̀bi. Ká ní èmi ni alága, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe. Ẹni tó bá ṣègbè, èèyàn á rí i bá jà. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ dá ẹ lóhùn, kí lo fẹ́ bá a fà?

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, ìyá mi yíjú sí mi.

"Kódà kó jẹ́ ìyá ẹ," ó ní.

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń tún un sọ ni."

Iléeṣẹ́ méjèèjì fẹ́ gbọ́ èsì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo jókòó, mo kọ̀wé sí àwọn ẹlẹ́rù pé mo dúpẹ́, mo gbà. Ìwé náà dùn ún kà. N kò fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ní kó di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, mo tún ní kó di ọ̀la.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá mi wọlé tòun ti téèpù lọ́rùn, ó ní kí n dìde dúró. Ó wọ̀n mí láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Aṣọ òkú nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń wọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fún, n kò sì fẹ́ ronú nípa rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ rán. Ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, lápá ìta. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó ti ká téèpù mọ́wọ́.

"Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ gbà ẹ́," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ nìkan ló máa yọ díẹ̀. Tó o bá ti máa lọ láfẹ̀mọ́jú, ṣọ́ọ̀bù lo máa sùn. Ìta ni bọ́ọ̀sì á ti gbé ẹ. Ṣé géètì wà níbẹ̀?"

"Kò sí, mà. Ṣé èmi nìkan ni màá máa sùn síbẹ̀?"

"Ìwọ nìkan kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Èmi náà á tẹ́ ẹní sílẹ̀."

"Ṣebí ẹ ní kí n gba iṣẹ́ ẹrù ni, mà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Sún, jẹ́ kí n mú ìrọ̀rí."

Mo fa ìwé tí mo kọ sí àwọn ẹlẹ́rù ya, mo kọ òmíràn sí àwọn tó ń kó èrò pé mo gbà. Mo sunkún, ṣùgbọ́n kò pọ̀, nítorí ó ti ń pè mí pé kí n wá bá òun ru ẹní.

Orí tábìlì tí wọ́n ti ń gé búbà ni mo ti di dísípáṣà. Mo máa ń bá abẹ́rẹ́ nínú irun mi níbi iṣẹ́. Àgbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́ rí ọ̀kan lórí ìwé epo, ó mú un kúrò, kò béèrè. Nígbà tí alága gbọ́, àwọn kan rò pé ó máa fa ìjọ̀gbọ̀n. Ó wá wo ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀, ó wo géètì, ó ní ìta ló wà, kò kan òun. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọlọ́dẹ ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn géètì wá síwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Mo bi í pé ta ló ní kó gbé e wá. Ó ní kò sí ẹni tó bá òun sọ nǹkan kan, atẹ́gùn ibẹ̀ ló dára.

Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, ó dé pátápátá. Láti iwájú bàálù, èèyàn kò rí ìdí rẹ̀. Àgbà náà ní kí n wo ojú ọjọ́, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní kò ṣeé lọ. Ó ní òun náà kò rí ọ̀nà. Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan já wọ ọ́fíìsì wa, agbádá funfun lọ́rùn, ó ní ìpàdé kan ń dúró de òun l'Abuja. Díẹ̀ ló kù kí n bi í bóyá alága ló rán an. Ó bẹ̀, ó halẹ̀, ó tún bẹ̀. A kò buwọ́ lù ú.

Lọ́sàn-án, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ń fi ọwọ́ rán ọrùn búbà kan.

"Kí lẹ ṣe níbi iṣẹ́ lónìí?"

"A ò ṣe nǹkan kan, mà. A ní kí wọ́n má lọ ni."

"Ṣé wọ́n bẹ̀ yín?"

"Wọ́n bẹ̀ wá gan-an."

"Ẹ gbà?"

"A ò gbà."

Ó fi eyín gé òwú.

"Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Láti ọjọ́ ìpàdé ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Síbẹ̀, mo wo ẹní rẹ̀ tó ká sí igun ṣọ́ọ̀bù, n kò sì mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún ẹni tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀.

"O ò gbọdọ̀ gbà," ó ní. "Àbí kí ni mo wá ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún?"

Ó na abẹ́rẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun ki òwú bọ̀ ọ́, pé ojú òun ò ríran dáadáa mọ́.