Ọmọ Filipíìnì Tó Kí Mi Kú Ìyà

Mo rántí ìgbà tí kò sí ọkùnrin tó ga tó mi ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Vaughan, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹkún ni mo sì fi kà á, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní ẹsẹ̀ gígùn, ẹnu mi náà ò sì kúrú. Wọ́n ri òpó bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé náà. Tí a bá gba ìsinmi, mo máa ń dúró lábẹ́ rẹ̀ bí ọba, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ tí kò fi ní í gbá mi lójúgun.

Ìgbà náà ni ọmọ Filipíìnì kan dé. Orí rẹ̀ ò kọjá èjìká mi, ó sì ń tiro. Ó ní bọ́ọ̀lù yìí lòun gbá jẹun ní Manila kí orúnkún òun tó yẹ̀. Ó fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù: òun rèé lára pátákó ńlá, ó gbé agolo sàdíìnì dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹja ni wọ́n ń polówó, kì í ṣe ìwọ." Mo ní kó bọ́ síta, ká gbá a wò.

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́ apá mi ni ẹlẹ́sẹ̀ títiro ń gbà kọjá. Mo fò lẹ́ẹ̀kan báyìí, òpó ni mo dì mọ́. Tó bá sì ti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tán, á tẹrí ba, á ní, "Sọ́rì, kúyà." Kú ìyà kẹ̀! Ó ṣẹ́gun mi tán, ó tún ń fi èdè ìyá mi kí mi kú ìyà! Láti ọjọ́ náà, mi ò dá a lóhùn mọ́.

Nígbà tó yá, ó wá bá mi. Ó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, kó máa gba páálí ẹrù tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sílé. Ó ní àwọn ará ìlú òun á wá nítorí bọ́ọ̀lù tóun gbá, ṣùgbọ́n òun ò mọ ọmọ Nàìjíríà kankan. Kí n wá, ká jọ ni ín, ìdajì-ìdajì. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí nídìí ẹrù gbígbé, irú ọ̀nà yìí gan-an sì ni ìyàwó mi ń gbàdúrà fún. Mo ní, "Wá ẹlòmíràn. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ."

Mo wá kọjú sí Auntie ọmọ Ìbàdàn tó ń lẹ bébà mọ́ páálí. Àwa méjèèjì nìkan la gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, òun náà sì ti bá àwọn obìnrin Filipíìnì tọ́jú arúgbó rí.

"Auntie, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yẹn ní kú ìyà, àbí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé páálí. "Yéè, Bùọ̀dá! Ẹ̀gbọ́n ló ń pè yín o! Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nìyẹn. Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀ ń fajú ro!"

Ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ a-b-d. Nígbà tí màá fi tọ ọmọ Filipíìnì náà lọ, ó ti fún ẹnì kan tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù rí ní ìdajì tèmi. Iṣẹ́ awakọ̀ ló kù. Mo gbà á.

Lónìí, ó ti ní ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀ ní Markham, ọkọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Èmi ni mò ń gba ẹrù àwọn ará wa ní Brooklin tí kò jìnnà síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà nínú yìnyín tó mi. Tí oníbàárà bá bi mí bóyá èmi ni mo ni iṣẹ́ náà, màá na ẹ̀yìn, màá ní, "A jọ dá a sílẹ̀ ni." Láìpẹ́ yìí, mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún ọmọge kan tí kò gbọ́ Yorùbá, mi ò mọ̀ pé ọ̀gá ti wà lẹ́yìn mi. Ó wò mí. Ó wo ọmọge náà. Ó ní, "Òótọ́ ni, a jọ dá a sílẹ̀ ni." Ó di ẹ̀gbẹ́ kejì páálí mú, a jọ gbé e sọ́kọ̀.

Mo ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà títí di òní, ṣùgbọ́n ohùn mi ti rẹlẹ̀ díẹ̀.