Ohun Tí Ẹ̀rọ Sọ ní Ahoro Bàbá Ìyá Mi

Ọdún tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́sálásí sórí ahoro ilé bàbá ìyá mi ní Ọ̀kà ni mo tó mọ bí igbe irin ṣe ń rẹ ènìyàn. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀. Ó ní àwọn àgbàlagbà ọ̀dọ̀ wọn máa ń gbé e rìn létí òkun kí oríkèé ara wọn má baà le. Ó rí bí ọ̀pá gígùn tí wọ́n so àwo pẹrẹsẹ mọ́ nídìí. Lókè, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ojú kékeré kan wà tí nọ́ńbà máa ń yọ sí. Odindi ọdún kan ló fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò fi tọrẹ.

Ìyá mi ló ní kí n gbé e wá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ, òun nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà sọ fún un pé òun ti rì ṣílè fàdákà mọ́lẹ̀ nínú ilé, àwọn ṣílè funfun tí wọ́n ń ná kí ti pupa tó dé, pé kí wọ́n fi rán àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sílé-ìwé. Ọmọ ìyàwó kékeré ni àbúrò náà. Ohùn bàbá gbẹ kó tó sọ ibi tí owó wà. Wọ́n gbẹ́ inú yàrá rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Àbúrò kò lè kàwé lọ títí. Oko ló lọ ní Ètìòrò, ó sì gbà láti ìgbà náà pé ìyá mi ló kó owó òun jẹ.

Kò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun bíbá a sọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi ìsìnkú, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò gbà bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi kí i." "Ẹ bi í bóyá wọ́n ti fún un lóúnjẹ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí orí àwọn méjèèjì fi funfun.

Nígbà tí ẹbí wá fi ahoro náà ta àwọn mùsùlùmí àdúgbò lọ́rẹ, tí wọ́n ní bí ààwẹ̀ bá ti parí ni wọn yóò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ìyá mi ránṣẹ́ pè mí.

"Bí wọ́n bá ti da kọnkéré lé e," ó ní, "olè ni wọn yóò máa pè mí títí dé sàárè. Wá bá mi wò ó."

Mo bi alfa wa léèrè kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ogún ni, bí a bá rí i, kí a pín in bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ bo nǹkan kan.

Ìyá mi ní ṣílè fàdákà kan tí bàbá rẹ̀ lu ihò sí fún un nígbà èwe rẹ̀, tó máa ń fi kọ́ sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkàrẹ́, mo sì ń fi ẹ̀rọ gba orí rẹ̀ kọjá títí etí mi fi mọ ohùn rẹ̀. Ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ máa ń kùn nísàlẹ̀, nọ́ńbà wọn kéré. Bébà dídán inú páálí sìgá àti ọmọrí ìgò máa ń bọ́ sí àárín. Idẹ a máa gòkè díẹ̀ sí i. Fàdákà ló máa ń gòkè kọjá ọgọ́rin, ohùn rẹ̀ á sì mọ́ bí agogo kékeré. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Irin ńlá tó ti dípẹtà a máa purọ́. Ó lè yọ nọ́ńbà fàdákà lẹ́ẹ̀kan, kó tún já wálẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yí ara padà, kí a gba ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Bí ó bá jẹ́ fàdákà, ohun tó sọ níhà yìí náà ni yóò sọ níhà ọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ irin, ẹjọ́ rẹ̀ yóò yí padà.

Bí mo bá ti kí ìrun àsùbá tán ní Ìkàrẹ́, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sókè Ọ̀kà. Òòrùn ibẹ̀ kò dára fún aláàwẹ̀. Bí ó bá ti ń bá òkúta wí lókè, ooru rẹ̀ á yí padà sára ènìyàn. Ìyá mi á jókòó lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ náà ń ti Ètìòrò wá. Ó ní òun kò wá nítorí owó, òun wá wo bí wọ́n ṣe ń wá ohun tí kò sí. Orí ògiri tó wó ló máa ń jókòó sí, ó sì máa ń kẹ̀yìn sí ìyá mi. Èdè Ọ̀kà ni wọ́n ń sọ. Mo kọ ọ́ báyìí kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ.

"Tíṣà," ó pè mí, "ẹ̀rọ rẹ yìí, ṣé ó lè rí irọ́?"

"Bàbá, irin ló ń rí."

"Ó ṣe. Ǹ bá ní kó yẹ abẹ́ ahọ́n ẹnìkan wò."

Ìyá mi kò gbójú sókè. "Sọ fún un pé ẹnu ààwẹ̀ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́."

Mò ń fi àwo náà fá ilẹ̀ lọ, mò ń fà á bọ̀. Ìṣó ni mo ń hú, àti àjákù páànù, àti ìdí ọta ìbọn ọdẹ tó ń pe ara rẹ̀ ní fàdákà láti òkèèrè. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Nígbà tó yá, mo tẹ ẹ̀rọ náà kó má ṣe dá irin lóhùn mọ́, nítorí igbe náà ti fẹ́ máa tẹ̀lé mi wọ inú ìrun. Ibi kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu, níbi tí ilé ìdáná wà rí. Bí mo bá ti ìhà ilà-oòrùn kọjá, nọ́ńbà á fò kọjá ọgọ́rin. Bí mo bá yí padà, kẹ́kẹ́ á pa. Ohun tí mo kọ́ nípa irin ńlá nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo fi í sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ààwẹ̀ ti fẹ́ parí lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ náà lélẹ̀ tí mo sọ fún ìyá mi pé agbára mi ti pin.

"Irin ni gbogbo ibẹ̀, Ìyá. Irin ńlá kan wà nílé ìdáná tó ń tàn mí. Ẹ jẹ́ ká fi í fún Ọlọ́run."

Tẹ̀sùbáà náà dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Àbúrò rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín látorí ògiri.

"Irin wo ni ìwọ retí, Tíṣà? Ilé àgbẹ̀ nìyí. Bàbá wa kì í ju ọkọ́ nù. Èyí tó bá ti jẹ tán ló fi ń dé nǹkan tó bá rì, kí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lè gbọ́ kán-ún, kó dáwọ́ dúró kó tó fọ́ ìkòkò. Bó ṣe fi ọkọ́ dé ibi ọmọ gbogbo wa nígbà tó rì í mọ́lẹ̀ nìyẹn. Àfi kó jẹ́ pé..."

Mo wò ó, òun náà wò mí. Mo gbé ẹ̀rọ, mo yí i padà kó máa dá irin lóhùn, mo sì lọ sílé ìdáná. Irin náà kùn gan-an ní àárín. Níhà ilà-oòrùn, létí ibi tí kíkùn náà parí sí, agogo kékeré náà dún. Kì í ṣe irin ló ń purọ́. Fàdákà ló wà lábẹ́ irin, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì ti rí àyè yọjú.

Àbúrò ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ látorí ògiri. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wa iṣu àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí a gbọ́ kán-ún. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kó erùpẹ̀. Ọkọ́ gbígbó kan ló dojú dé ibẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé ọrùn. Nígbà tó gbé e kúrò, mo fi àwo náà gba orí ihò. Mo gba iwájú, mo gba ẹ̀gbẹ́, mo gba igun. Nọ́ńbà náà kò yẹ̀.

Ìkòkò ti là, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ kò sá lọ. Àwọn ṣílè náà dúdú bí èédú, bí fàdákà tó pẹ́ nínú ilẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó mú ọ̀kan, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún títí àwòrán igi ọ̀pẹ ara rẹ̀ fi yọ. Ó wò ó pẹ́. Bóyá ilé-ìwé ló ń rí níbẹ̀, n kò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi í rán an lọ mọ́.

Òòrùn ti yí, òjìji máńgòrò ti fi ìyá mi sílẹ̀. Kò tíì dìde wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ ní. "Ẹ kúrò nínú òòrùn yẹn."

Ìyá mi na ọwọ́ sí i. "Ó ti rẹ̀ mí. Wá fà mí dìde."

Ó fi ọwọ́ oníyẹ̀pẹ̀ fà á dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀lé e lọ sábẹ́ ògiri tó kù. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ládàánì fi pe ìrun mọ̀gáríbì. Omi inú búùtà mi kò tó gbogbo wa. Àbúrò ló kọ́kọ́ gbé e fún ìyá mi, ó sì fi ọwọ́ di ìdí rẹ̀ mú títí ìyá mi fi mu tẹ́rùn.

Alfa pín ogún náà bó ṣe yẹ. Ọkọ́ gbígbó yẹn nìkan ni kò bá wọn pín, nítorí àbúrò ìyá mi ti tọrọ rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi sì ti ní kó máa gbé e lọ sí Ètìòrò. Èmi ni mo dí ihò náà kí àwọn bíríkìlà má baà já sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gun ọ̀kadà padà sí Ìkàrẹ́, mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sùn, àsùbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí mi.