Fíìmù Tó Pa Ọ̀kan Nínú Ìbejì

Òórùn epo bẹntiróòlù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, epo jẹnẹrétọ̀ tó ń jó lẹ́yìn fèrèsé, tí èéfín rẹ̀ ń wọlé bá wa nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi fídíò hàn ní Igbó-Ọrà. Lẹ́yìn òórùn náà, ìbínú ló máa ń tẹ̀ lé e. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń wo ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn kí a tó dá ẹjọ́. Mo ti wo ọ̀rọ̀ fíìmù yìí síwá sẹ́yìn. Mo ṣì ń bínú.

Ìwé kẹrin ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, kọ́míìkì sì ni oúnjẹ mi. Kì í ṣe pé mo kàn ń kà á. Mo ń dá a lẹ́jọ́ ni. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo ń kọ èrò mi sí nípa gbogbo akọni tó ń fò lójú ọ̀run àti èyí tí ojú rẹ̀ ń ríran gba inú ògiri, mo sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá bí olùkọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń yá ìwé náà kà kí wọ́n tó mọ kọ́míìkì tí wọn yóò wá kiri. Èmi tí n kò tíì rìn kọjá Èrúwà rí ló ń kọ ọ́ pé ayàwòrán kan lókè òkun kò mọ bí ilé gíga ṣe ń rí.

N kò ní kọ́míìkì kankan tó jẹ́ tèmi. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ìbejì ni ọ̀rẹ́ mi, òun ni Kẹ́yìndé, ìyá wọn kì í sì í ra nǹkan ẹyọ kan wọlé. Bó bá ra bàtà, ẹsẹ̀ méjì méjì fún ọmọ méjì. Bó bá ra àkàrà, iye tó wà lọ́wọ́ Táyéwò ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ Kẹ́yìndé. Bàbá kan tó máa ń kó àlòkù ìwé wá láti Ìbàdàn lọ́jọ́ ọjà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá ń bọ̀ ní Igbó-Ọrà, òun a kọ́kọ́ ṣa kọ́míìkì tó bára mu ní méjì méjì, nítorí àwọn ìyá ìbejì ibẹ̀ kò ní ra ẹyọ kan. Nígbà tí Táyéwò ṣàìsàn, tó sì fi wá sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú fíìmù yìí, ìyá náà kò dáwọ́ dúró. Méjì ló ń rà síbẹ̀. Èmi ló ń fún ní ìkejì kà. Mo fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Mo rò pé oríire mi ni.

Ti akọni ìbejì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn jù. Ọ̀kan ń gbọ́ igbe ẹni tó wà nínú ewu bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú méje ló wà láàárín wọn. Èkejì lè na àtẹ́lẹwọ́ kí ó dá ohunkóhun tó ń sáré dúró, ìbáà jẹ́ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ọta ìbọn. Agbára ọ̀kan kò wúlò láìsí ti èkejì. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, máàkì tí n kò fún òmíràn rí. Nígbà tí onífídíò wá fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé wọ́n ti sọ ìwé náà di fíìmù, pé ọ̀sán Sátidé ni òun yóò fi hàn, ara wa kò gbà á mọ́.

Yàrá náà kún fọ́fọ́. Ní ìlú tí ìbejì pọ̀ tó ti wa, ta ni kò ní wá wo akọni ìbejì? Àwọn ìyá kó ọmọ wọn méjì méjì wá. Ìyá ọ̀rẹ́ mi náà wá, ó jókòó sẹ́yìn wa. Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Télọ̀ ni, ó ti gbé Èkó rí, òun ló máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù di Yorùbá fún àwọn èèyàn.

Fíìmù kò tíì lo ìdajì wákàtí tí wọ́n fi pa èyí tó ń gbọ́ igbe. Wọ́n pa á! Nínú ìwé, kò sí ibi tó ti kú. Wọ́n yìnbọn fún un, ó ṣubú sórí itan èkejì rẹ̀, wọ́n sì kó agbára méjèèjì fún ẹnì kan ṣoṣo. Bóyá owó òṣèré ni wọ́n fẹ́ dín kù, bóyá ọ̀lẹ ló mú ẹni tó kọ ìtàn, n kò ní ẹ̀rí èyí tó jẹ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí akọni bínú, tí kò rí ọgbọ́n mìíràn dá ju kí ó pa èkejì rẹ̀ lọ, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbejì.

Ògbufọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo àwọn ìyá, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin ìyá ìbejì," ó ní. "Ó rìnrìn-àjò ni o. Ìdèrè tó múlé tì wá yìí ló yà sí. Wọ́n ní kó jẹun ná."

"Kó má jẹun pẹ́ o, ìjà ń bẹ nílé!" obìnrin kan dáhùn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló mú mi dìde. A kì í sọ pé ìbejì kú nílùú wa. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ mi ti mú mi gbà pé èmi nìkan ni adájọ́ níbẹ̀.

"Irọ́ ni!" mo pariwo. "Wọ́n pa á! Ó ti kú, kò lè padà wá!"

"Jókòó jàre, o ń dí wa lójú!"

"Ọmọ ta tiẹ̀ nìyí?"

Ògbufọ̀ na ọ̀pá sí mi. "Alákọ̀wé, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ jókòó."

N kò jókòó. Mo tún un sọ léraléra: ó kú, ó kú, ó kú. Òtítọ́ korò, ni mo ń wí fún ara mi, bí ẹni pé gbogbo ohun tó bá ti korò ti di òtítọ́ tó yẹ ní sísọ. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ìyá ọ̀rẹ́ mi ti jáde. Ọ̀rẹ́ mi náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́.

Mo wo fíìmù náà dé òpin. Mo délé, mo kọ ojú ìwé mẹ́fà lé e lórí. Mo béèrè pé ta ni yóò máa gbọ́ igbe akọni tó kù fúnra rẹ̀, mo sì fún wọn ní méjì, nítorí aṣọ wọn. Kíláàsì yìn mí. Ọ̀rẹ́ mi kò kà á. Ó kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì wa, ó lọ jókòó síbòmíràn. Mo bínú sí òun náà. Mo ní kò mọ ìyàtọ̀ láàárín fíìmù àti ayé. A kò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde.

Lọ́dún yìí ni mo bá a lójú ọ̀nà Ìdèrè, níbi tó ti ń tún alùpùpù ṣe. Mo ti to àlàyé mi bí agbẹjọ́rò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pé mo sọ ohun tí a kì í sọ. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó fi àkísà nu ọwọ́.

"Ṣé torí pé o ní ó kú lo rò pé mo bínú?" ó ní. "Èmi ni mo sùn ti Táyé mọ́jú. Mo mọ̀ pé ó kú. Mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ yẹn, mo ń fà ọ́ pé kí o jókòó, Màámi ń sunkún lẹ́yìn wa. O já ọwọ́ mi dànù. O ò tiẹ̀ wò mí."

N kò rántí ọwọ́ náà. Títí di òní, mo lè sọ àwọ̀ bàtà akọni náà, mo lè sọ iye ìbọn tí wọ́n yìn, ṣùgbọ́n bí mo ti wá inú mi tó, n kò rí ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni èmi ń wò.

Kí n tó lọ, ó ní, "Màámi ṣì máa ń béèrè ẹ. Yà kí wọn."

Mo ti gba iwájú ilé wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. N kò tíì lè yà.